Bàbá Dèépa, Ìjàpá Rẹ̀ àti Nọ́ọ̀tì Tó Ń Yí Lásán

Ẹ jókòó, ẹ̀yin tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ míníra tútù, kó nawọ́ sínú kúlà, kó sì fowó sábẹ́ àwo yẹn. Èmi ò ní í dìde, torí ìtàn yìí ti ń yún mi láhọ́n láti àárọ̀. Ṣé ẹ rí mọ́tò Ìjàpá aláwọ̀ búlúù tó kọjá lẹ́ẹ̀kan, tó ń dún bí ẹni ń fi ṣíbí lu agolo? Ẹ rí i pé ó gun òkè yìí tán láìsí ẹni tó tì í lẹ́yìn? Ó dáa. Òun gan-an ni ìtàn.

Gbogbo yín lẹ mọ Bàbá Dèépa, tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ ta ló ń pè é? Èmi tí mo fi ọdún méjì jù ú lọ ni mo sọ ọ́ ní Dèépa, torí kò sí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ kàn tí kò ní í dè pa. Bó bá ti ẹ̀rọ omi ilé wa, obìnrin mẹ́ta ní í pawọ́ pọ̀ kó tó ṣeé ṣí. Bó bá dé ìgò, ìgò dé títí ayé nìyẹn. Ìyá Ìbejì, ìyàwó rẹ̀, sọ fún mi (ẹ má sọ pé èmi ni mo sọ o) pé lọ́jọ́ kan òun gbé ìpara òun lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà kó bá òun ṣí i. Fọkanáísà! Ìpara ojú!

Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín jù. Ẹni tí nǹkan ti já sílẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ rí ló ń di nǹkan mú bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ṣì ń gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, nọ́ọ̀tì táyà iwájú tú mọ́ ọn nídìí bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè Mókọ́lá. Táyà gba ọ̀tún, tíṣà gba òsì, ó di inú agbọ̀n Ìyá Ẹlẹ́kọ, gbì! Ẹ̀kọ ogójì ló fi ara tẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́kọ ò tiẹ̀ bínú. Ó ní òun ò tíì rí oníbàárà tó ń wá ẹ̀kọ tó bẹ́ẹ̀ rí. Láti ọjọ́ náà ni bàbá yìí ti búra pé nọ́ọ̀tì kan ò tún ní í tú mọ́ òun lọ́wọ́ láyé.

Ní 1978 ló wá ra Ìjàpá yẹn, àlòkù ni, ti 1969, lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ níléèwé. Ẹ rántí ayé ìgbà náà? Volkswagen kún ìgboro: tíṣà ń gùn ún, nọ́ọ̀sì ń gùn ún, akọ̀wé ń gùn ún. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to tuntun pọ̀ nílẹ̀ wa níbí, nílé iṣẹ́ tó wà lójú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Àwọn ará Jámánì tó kọ́kọ́ ṣe é pè é ní kòkòrò. Àwọn ará Brazil ń pè é ní Fusca. Àwa wo ẹ̀yìn rẹ̀ róbótó, a wo bó ṣe ń rọra fà, a ní Ìjàpá ni. Ta ló ríran jù nínú wa? Ní Mẹ́síkò ni wọ́n ti ṣe èyí tó kẹ́yìn pátápátá ní 2003. Ọjọ́ tí rédíò sọ ọ́, Bàbá Dèépa bọ́ síta, ó mú aṣọ mímọ́, ó sì ń nu tirẹ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ òrukàn lẹ́kún.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹ̀yìn ni Ìjàpá gbé ẹ́ńjìnnì sí, kò sì lo omi. Afẹ́fẹ́ ló fi ń tutù. Àna wọn kan tó wá láti Ìsẹ́yìn ò mọ̀. Ó ní òun fẹ́ ṣoore kílẹ̀ tó mọ́, ó gbé kẹ́ẹ̀gì omi, ó yí mọ́tò náà po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wá ibi tó máa dà á sí, bí ẹni ń wá ẹnu ọmọ tí kò fẹ́ mu ògì. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó fi omi náà fọ táyà. Ó ní kí oore má bàa ṣòfò.

Níbo ni mo dé? Ẹ̀n-ẹ́n, ọjọ́ Jímọ̀ tí nǹkan ṣẹlẹ̀.

Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ kan náà ló di mẹkáníìkì wa. Ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan rẹ̀. Ó ti gbé ẹ́ńjìnnì Ìjàpá sọ̀kalẹ̀, torí bóòtù mẹ́rin péré ló so ó mọ́ jíà, ẹni méjì á gbé e sílẹ̀ kí ẹ̀wà tó jiná. Ó ti pààrọ̀ ríìǹgì inú rẹ̀, ó ti dé tọ́ọ̀pù sílíńdà padà, ó gbé ẹ́ńjìnnì lé orí táyà àlòkù lábẹ́ igi furúùtù níbí, ó ní òun ń lọ kírun. Ó wá yíjú padà: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án o.”

Ẹ wò ó, ta ní í fi iṣu ti ewúrẹ́ kó tó lọ kírun?

Èmi ń ṣa ẹ̀wà níbí. Mo rí Bàbá Dèépa tó jáde, tó káwọ́ sẹ́yìn bí ẹni ń gbatẹ́gùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo àwọn nọ́ọ̀tì náà. Ó fi ìka kan ọ̀kan, ó mi orí. Ó ní, “Ọwọ́ ọmọdé nìyí.” Ó wọlé, ó mú sípánà. Ó dè é díẹ̀, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó tún wọlé, ó gbé páìpù omi kan jáde, ó gùn tó mítà kan, ó ki ìdí sípánà bọnú páìpù náà. Ó ṣí fìlà sílẹ̀. Ó ní, “Bísímílà.” Ẹlẹ́sìn Kírísítẹ́nì ni o!

Ó tẹ páìpù náà. Nọ́ọ̀tì ké “kíín”. Ó tún tẹ̀ ẹ́, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, mo gbé abọ́ ẹ̀wà mi sún sẹ́yìn. Lójijì, páìpù rọ̀. Ó rọ̀ ni, bí okùn tí ẹni tó wà lódìkejì ṣàdédé jù sílẹ̀. Bàbá Dèépa rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ó ti wọlé!” Ó tún yí i. Ó ń yí. Ó fi ọwọ́ lásán yí i, ó ń yí. Ó fi ìka méjì yí i, ó ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí òkòtó. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí òṣùpá tó wọ inú ìkùukùu.

Ó di nọ́ọ̀tì náà mú, ó fà á, gbogbo sítọ́ọ̀dù sì tẹ̀ lé e jáde: ọ̀pá irin gígùn tí kò lórí, tí eyín, ìyẹn tírẹ́ẹ̀dì, wà nípẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì. Ojú mi ò tíì bàjẹ́ tó bí ẹ ṣe rò o. Mo rí ìdí rẹ̀ dáadáa láti ibi tí mo jókòó. Ohun kan wé mọ́ ọn, ó ní àwọ̀ eérú, ó ká kọ́ríkọ́rí bí irun àgùntàn. Eyín inú ihò bílọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì ló fà tu síta bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá gbọ́n ì bá pe mẹkáníìkì kó jẹ́wọ́. Tíṣà ni tiwa. Ṣé tíṣà ń gba òdo? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó kọjá sọ́dọ̀ onísìgá lódìkejì títì, ó ra odindi páálí sìgá kan. Ha! Mo ju ẹ̀wà sílẹ̀. Bàbá Dèépa, diákónì, ló ń mu sìgá! Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ mí, n kì í sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ìyá Aláṣọ nìkan ni mo sọ fún, èèyàn mẹ́fà nìkan sì ni òun náà sọ fún. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì ti ń gbóòórùn kọ́ọ̀tù ọkọ rẹ̀.

Kò mu sìgá. Bébà dídán inú páálí ló fẹ́. Ó yà á, ó wé e mọ́ ìdí sítọ́ọ̀dù, ó fi gọ́ọ̀mù pa á, ó tì í padà sínú ihò, ó rọra dè é, bí ẹni ń fi òwú dí ihò eku. Mẹkáníìkì dé láti mọ́ṣáláṣí, kò fura, ó gbé ẹ́ńjìnnì padà sáyè rẹ̀. Mọ́tò jí, ó ń dún dáadáa.

Ọjọ́ kejì ni ìdáná ọmọ àbúrò Ìyá Ìbejì. Wọ́n wọ aṣọ ẹbí, wọ́n di iṣu mẹ́rin sẹ́yìn mọ́tò, wọ́n gbéra. Wọn ò tíì dé ìdajì òkè tí a fi gbọ́ “fù! fù! fù! fù!” bí àgbà tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Agbára tán. Àwọn ọmọ ilé wa ló tì í dé ibí pẹ̀lú gèlè Ìyá Ìbejì tó ga jù mọ́tò lọ.

Mẹkáníìkì fi ọwọ́ sápá ibi tí ó ti ń fẹ́, ó fà á padà kíá, èéfín gbígbóná. Ó tún gbé ẹ́ńjìnnì sọ̀kalẹ̀, ó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì ń yí. Ó ní, “Bàbá, ta ló fọwọ́ kan ibí?” Bàbá Dèépa gbójú sókè, ó ń wo ẹyẹ. Ni ọmọ yìí bá fa sítọ́ọ̀dù, ni bébà sìgá tó ti jó dúdú bá já bọ́, tó ṣì ń dán létí kan. Gbogbo wa dákẹ́. Ìyá Ìbejì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: “Bàbá Ìbejì, ṣé sìgá tí wọ́n ní ẹ ń mu nìyí?” Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi ojú fi ba àtíkè rẹ̀ jẹ́. Èmi gbé ojú mi sínú kúlà, mo ń ka míníra. Ẹ forí jì mí o. Mo ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá náà, mo sì fún un ní Fántà méjì.

Mẹkáníìkì wá jókòó, ó là wá lọ́yẹ. Ó ní sítọ́ọ̀dù mẹ́rìndínlógún ló wà lára ẹ́ńjìnnì yìí, mẹ́jọ lápá kan, mẹ́jọ lápá kejì. Wọ́n ti inú bílọ́ọ̀kì wá, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ sílíńdà kọjá, wọ́n sì fi nọ́ọ̀tì di tọ́ọ̀pù mọ́ ọn lórí, bí okùn tí a fi di ẹrù mọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ìdí ọ̀kan bá ti tu, iná tó yẹ kó máa ti pístìnì á rí ọ̀nà gbà jáde, ìyẹn ni “fù-fù” tí ẹ gbọ́. Èyí tó tu sì tún jẹ́ ti sílíńdà kẹta, tó máa ń gbóná jù nínú irú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yìí, torí pé ibi tí ọ́ìlì ti ń tutù ló dúró síwájú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ti kọ́kọ́ gbé ooru ọ́ìlì kó tó dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀. Bí àbígbẹ̀yìn tó jẹ́ pé omi tí gbogbo ẹ̀gbọ́n ti fi wẹ̀ ló kàn án.

Bílọ́ọ̀kì ọ̀hún kì í sì í ṣe irin. Magnésíọ̀mù ni wọ́n fi dà á, tí wọ́n po nǹkan mọ́. Bí alumíníọ̀mù kan bá wọn kílò 3, magnésíọ̀mù tó tóbi bákan náà á wọn bíi kílò 2. Ó fúyẹ́, ó dára fún mọ́tò tó gbé ẹrù sẹ́yìn, àmọ́ ó rọ̀. Tó bá gbóná, ó máa ń wú ju irin lọ bí ìlọ́po méjì. Sítọ́ọ̀dù irin ò lè bá a wú tó bẹ́ẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì ń fà á lójoojúmọ́. Tí ẹnì kan bá ti wá fi páìpù dè é kọjá bó ṣe yẹ, ó ti fi ìyà kún ìyà.

Fọkanáísà tó dúró níbẹ̀ ní kí wọ́n ṣáà gbé e lọ fún wẹ́dà kó jó ihò náà pọ̀. Wẹ́dà wa, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò ní irun ojú yẹn, gbọ́, ó ta sẹ́yìn. Ó ní òun ò tún fi iná kan magnésíọ̀mù mọ́ láyé òun! Lọ́dún kan, àwọn ọmọ iṣẹ́ ju àfọ́kù bílọ́ọ̀kì Ìjàpá sínú iná pàǹtí. Ó gbiná, ó ń tàn funfun báláú tí òru fi dọ̀sán, àkùkọ sì kọ. Wẹ́dà sáré bu omi lù ú. Ẹ̀yin ará mi, omi ni ìyẹn ń wá! Magnésíọ̀mù tó ń jó a máa já omi sí wẹ́wẹ́, á sì fi afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dáná sí i. Iyanrìn gbígbẹ ni wọ́n dà bò ó kó tó kú. Ibẹ̀ ni irun ojú wẹ́dà gbé lọ. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe ń sọ fún un pé kó máa kun tìróò.

Ni a bá gba ọ̀dọ̀ tọ́nà tó ń fi ẹ̀rọ gé irin lọ ní Géètì, nítòsí Àràròmí tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Mo ní a gba ibẹ̀ lọ; èmi náà lọ, torí ta ni ìbá wá ròyìn fún yín? Wọ́n ti tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀, wọ́n la bílọ́ọ̀kì sí méjì bí ẹni la obì, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a. Tọ́nà náà kì í sọ̀rọ̀. Ó ti ìka kékeré rẹ̀ bọ ẹnu ihò tó jẹ náà, ó yí i, ó ṣe “ẹ̀hẹn”, bí oníṣègùn tó ti mọ àrùn.

Ó wá búùṣù irin kan jáde, kò gùn ju oríkèé ìka mi kan lọ. Tírẹ́ẹ̀dì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀, tírẹ́ẹ̀dì tún wà ní inú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 14, inú rẹ̀ gba sítọ́ọ̀dù mílímítà 10 tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ó de bílọ́ọ̀kì mọ́ ẹ̀rọ kí ihò má bàa wọ́, torí ó ní tí ihò bá fi díẹ̀ tẹ̀, sítọ́ọ̀dù á tẹ̀, tọ́ọ̀pù ò sì ní í wọlé. Ó lu ihò náà gbòòrò. Ó wá mú táàpù, irin tí wọ́n fi ń gé eyín tuntun, ó ta kẹrosíìnì sí i, ó sì ń fi ọwọ́ yí i: ó yí i síwájú díẹ̀, ó dá a padà kí èérún lè já, ó tún yí i síwájú. Ọ̀nà tírẹ́ẹ̀dì ń lọ yípo yípo bí ìkarahun ìgbín, ọwọ́ tọ́nà sì ń rìn bí ìgbín gan-an. Èérún tó ń bọ́, ó ń gbá a sínú agolo tó ní ìdérí. Òun náà ti gbọ́ ìtàn irun ojú wẹ́dà.

Bàbá Dèépa ò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, “Ẹ bá mi dè é dáadáa o.” Tọ́nà gbójú sókè, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ̀rọ̀ nìyẹn: “Bàbá, agbára kọ́ ló ń mú un dúró. Eyín ni.”

Ó fọ ihò náà mọ́, ó fi gọ́ọ̀mù tírẹ́ẹ̀dì pa ẹ̀yìn búùṣù, ó yí i wọlé títí tó fi rì díẹ̀ sábẹ́ ojú bílọ́ọ̀kì, kó má bàa ti sílíńdà tó máa jókòó síbẹ̀. Mo bi í pé ṣé ibi tó bàjẹ́ yìí lè tó ti tẹ́lẹ̀? Mẹkáníìkì ló dá mi lóhùn, ó ní ó jù ú lọ. Búùṣù tó gbòòrò ń di bílọ́ọ̀kì mú níbi tó pọ̀ sí i, irin sì ń bá irin jẹ nínú lọ́hùn-ún. Àwọn tó ń ṣe mọ́tò náà pàápàá padà gba ọ̀nà yìí: láàárín àwọn ọdún 1970, wọ́n sọ sítọ́ọ̀dù di tínrín, mílímítà 8, wọ́n sì ń ti ilé iṣẹ́ fi búùṣù irin sínú bílọ́ọ̀kì. Mo ní mo gbà. Ṣé ẹ ò rí Ìyá Àgbà ilé kejì? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe eyín fún un ló ti ń jẹ ẹ̀pà, tó sì ń bá àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ jà sí egungun.

Ọ̀kan ṣoṣo ló tu, àmọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ni tọ́nà fi búùṣù sí. Ó ní àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún yòókù ti wà lójú ọ̀nà. Bàbá Dèépa sanwó, kò wí nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n ń tò ó padà níbí, mẹkáníìkì yá sípánà oníwọ̀n, èyí tó máa ń dún “kẹ́” tí ó bá ti tó. Wọ́n fi ọwọ́ lásán yí sítọ́ọ̀dù wọlé. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í de nọ́ọ̀tì láti àárín bọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n dè é fẹ́ẹ́rẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n tún tò ó yí ká lẹ́ẹ̀kejì. Ó wá fa sípánà lé Bàbá Dèépa lọ́wọ́ fún nọ́ọ̀tì tó bàjẹ́ yẹn. Bàbá fà á. “Kẹ́.” Ó wò ó. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ fẹ́ gbéra. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ gbé ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lẹ́, ó ní, “Bàbá, ó ti tó.” Ìwọ̀n tó yẹ nọ́ọ̀tì yẹn, ẹ gbọ́ o: bí ẹni gbé ẹrù kílò 11 kọ́ ìdí sípánà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 30 ni. Ohun tí Bàbá sì gbé kọ́ páìpù mítà kan ni odindi ara tirẹ̀! Tíṣà ìṣirò ni o!

Àtìgbà náà, Ìjàpá ń gun òkè. Ẹ̀rọ omi ilé wa sì ti ṣeé fi ọwọ́ kan ṣí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń jò díẹ̀ báyìí. Bàbá ń bẹ̀rù láti tì í. Páìpù ńkọ́? Ìyá Ìbejì gbà á, ó gbé e fún mi. Òun ló gbé fèrèsé ìsọ̀ mi yìí ró, èyí tí gbogbo yín jókòó sábẹ́ òjìji rẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì yín bá ń yí tí kò mú, ẹ sọ sípánà sílẹ̀, kí ẹ wá tọ́nà. Ẹ má wá yá páìpù lọ́dọ̀ mi.